Ta Ni Ó Ni Omi? Ìṣòro Ìwádìí Lórí Ohun Àjùmọ̀ní ní Abúlé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran." Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, nítorí pé èmi gan-an ti jẹ́ irú àlejò bẹ́ẹ̀ rí. Kì í ṣe ilẹ̀ òkèèrè ni mo ti ṣe àlejò náà. Ilẹ̀ Yorùbá ni, láàrin àwọn ènìyàn tí èmi pẹ̀lú wọn jọ ń sọ èdè kan náà. Ohun tí ojú mi kò rí nígbà náà kò sì fara pamọ́. Ìta gbangba ni ó wà, kò sì ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ibi tí mo jókòó sí tí mo ń kọ̀wé. Nítorí pé àṣìṣe mi pa àwọn ẹlòmíràn lára, mo rí i pé ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n.

Ní 1998, mo wà lára àwọn tí ó lọ ṣe ìwádìí ní abúlé kan ní ilẹ̀ Ìbàràpá. N kò ní dárúkọ abúlé náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì tutù tán. N kò tíì gba oyè ọ̀mọ̀wé nígbà náà. Àwọn onímọ̀ nípa ètò ọrọ̀-ajé ni ó ni iṣẹ́. Wọ́n fẹ́ mọ àwọn ohun tí ará abúlé jùmọ̀ ń lò, bí ojú omi, igbó tí wọ́n ti ń ṣẹ́ igi, ọ̀dàn tí ẹran ti ń jẹ, ojú ọjà àti igbó òòṣà, kí wọ́n sì mọ bí ohun wọ̀nyí ti ń ran ìdílé kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ tó. Iṣẹ́ tèmi ni láti yí ìwé ìbéèrè wọn padà sí èdè Yorùbá, kí n sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì bí wọn yóò ṣe máa bi àwọn àgbà léèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo rò pé iṣẹ́ tí ó rọrùn ni. Ta ni ó ń bẹ̀rù èdè abínibí rẹ̀?

Ìṣòro àkọ́kọ́ kò pẹ́ kí ó tó yọjú. Kí ni a ó pe ohun tí wọ́n ń wá náà? Mo kọ "ohun àjùmọ̀ní". Ọ̀rọ̀ náà dára lórí ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ́ létí àgbà kan, ó bi mí pé, "Àjùmọ̀ní láàrin àwọn wo?" Ìbéèrè rẹ̀ tọ̀nà. Ohun tí ọmọ ìyá méjì jùmọ̀ ní, àjùmọ̀ní ni. Ohun tí àwọn ọmọ baba kan jùmọ̀ ní, àjùmọ̀ní ni. Èyí tí agbo ilé kan, tàbí àdúgbò kan, tàbí ìlú lódindi jùmọ̀ ní, àjùmọ̀ní náà ni. Bí a bá sọ pé "ti ìlú", àwọn kan yóò rò pé ti ọba ni à ń wí. Bí a bá sọ pé "ti gbogbo ènìyàn", àwọn mìíràn yóò rò pé ti ìjọba ni. Bẹ́ẹ̀ ni àjùmọ̀ní tún yàtọ̀ sí àjùmọ̀lò. Omi tí ó wà lórí ilẹ̀ ìdílé kan lè jẹ́ àjùmọ̀lò fún gbogbo abúlé láti ayé àwọn baba ńlá wọn, láìsí ẹni tí yóò sọ pé òun bá wọn pín nínú ilẹ̀ náà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni mo fi ojú fò, òun ni ó sì padà bọ̀ wá bá mi.

Kí a tó máa bá a lọ, ó yẹ kí a rántí pé ohun àjùmọ̀lò kì í ṣe ohun tí kò ní òfin. Ní abúlé tí mo ń sọ yìí, ẹnikẹ́ni lè ṣẹ́ igi gbígbẹ nínú igbó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ gé igi tútù láìgba àṣẹ. Igi irúgbá tí ó wà nínú oko, olóko ni ó ń ká a. Èyí tí ó wà ní ọ̀dàn, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ìdí rẹ̀ ni. Olú, ìgbín àti ewé tí a fi ń di ẹ̀kọ kò ní olówó. Ọ̀nà oko jẹ́ ti gbogbo ẹni tí ń tọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a bá ń yẹ̀nà, ẹni tí kò bá jáde yóò san ìtanràn. Ẹ̀tọ́ àti ojúṣe jọ ń rìn ni. Kò yàtọ̀ sí ohun tí a mọ̀ nípa ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́ ní ìgbà àtijọ́, nígbà tí àwọn ènìyàn máa ń ru koríko bẹẹrẹ wá fún Aláàfin láti fi bo òrùlé ààfin. Koríko inú ọ̀dàn kò ní olówó, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí a ń fi í ṣe fún ìlú.

Ní 1968, Garrett Hardin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó lókìkí púpọ̀, níbi tí ó ti sọ pé ohun tí ó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kò ní ṣàìbàjẹ́, nítorí pé oníkálukú yóò máa fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀ títí yóò fi tán. Elinor Ostrom, tí òun náà jẹ́ ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé jáde ní 1990 láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo: ọ̀pọ̀ àwùjọ ni ó ti fi òfin ọwọ́ ara wọn dáàbò bo omi, igbó àti pápá fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Iṣẹ́ yìí ni ó mú kí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ní 2009, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò gbà á nínú ìmọ̀ náà. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti àwọn ìyá wa létí odò kò ní rí ohun ìyanu nínú àwárí Ostrom. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé a kì í sábà jókòó tì wọ́n.

Bí a bá wo ìtàn, a ó rí i pé ó ti pẹ́ tí àwọn aláṣẹ ti ń béèrè ẹni tí ó ni ilẹ̀ wa. Ní 1898, Rayner, tí ó jẹ́ adájọ́ àgbà ní Èkó, kọ àbọ̀ kan lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kókó ohun tí ó sọ ni pé ẹnìkan kì í dá ilẹ̀ ní láàrin àwa ènìyàn yìí. Ti àwùjọ ni, tàbí ti abúlé, tàbí ti ẹbí. Ní 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní àwọn ibi tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nínú ẹ̀rí tí wọ́n gbà ni ọ̀rọ̀ ìjòyè kan tí àwọn amòfin kò tíì gbàgbé títí di òní ti wá, pé òkú àti alààyè àti ọmọ tí a kò tíì bí ni wọ́n jùmọ̀ ni ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Rayner ṣe iṣẹ́ ńlá ní 1921. Ìjọba ti gba ilẹ̀ kan ní Àpápá ní 1913, Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, sì béèrè owó ilẹ̀ náà. Ilé-ẹjọ́ ní Èkó sọ pé àṣẹ olórí lásán ni ó ní lórí ilẹ̀ náà, nítorí náà owó rẹ̀ kò lè tó owó onílẹ̀. Olúwa kò gbà. Òun àti Herbert Macaulay lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, nígbà tí ó sì di oṣù Keje 1921, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tí ó ga jù lọ fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso dá a láre. Wọ́n ní ìjọba gbọ́dọ̀ ṣírò owó náà gẹ́gẹ́ bí ẹni pé gbogbo ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ náà ni Olúwa ń fi sílẹ̀ ní orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀. Àbọ̀ Rayner wà lára ohun tí àwọn adájọ́ gbé ìdájọ́ wọn kà.

Ìdájọ́ yìí gbè wá, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí ó yẹ kí ó fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi ìṣòro kan sílẹ̀ fún àwa olùwádìí. Láti ìgbà náà ni àwùjọ, abúlé àti ẹbí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun kan náà lẹ́nu àwọn tí ń kọ̀wé. Ní ilé-ẹjọ́, ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé ilẹ̀ kì í ṣe ti ìjọba. Kò sí ẹni tí ó nílò láti mọ̀ bóyá ìdílé kan ni ó ni igbó tàbí gbogbo ìlú. Ní abúlé, ìyàtọ̀ náà ni ó ń sọ bóyá ọmọ ẹnìkan yóò rí omi mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àwọn mìíràn tún wádìí lẹ́yìn wọn. Ward Price kọ àbọ̀ tirẹ̀ lórí ilẹ̀ ní àwọn ẹkùn Yorùbá ní 1933. P. C. Lloyd tẹ ìwé rẹ̀ lórí òfin ilẹ̀ Yorùbá jáde ní 1962; Oǹdó, Ìjẹ̀bú, Adó-Èkìtì àti Ẹ̀gbá ni ó gbé yẹ̀ wò, ó sì hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ pé ohun tí ó jẹ́ òfin ní ibì kan lè ṣàìjẹ́ òfin ní ibòmíràn. Lẹ́yìn náà ni òfin ilẹ̀ 1978 dé, tí ó gbé gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lé gómìnà lọ́wọ́ láti dì í mú fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Lórí ìwé, ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Ní abúlé, kò sí ohun kan tí ó parí. Ìdílé ṣì ń tà, àtìpó ṣì ń san ìṣákọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń san án, obìnrin sì ń pọn omi níbi tí ìyá rẹ̀ ti pọn. Olùwádìí tí ó bá gbé ìwé òfin lọ sí oko yóò rí i pé ọ̀tọ̀ ni ohun tí ìwé wí, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ọwọ́ ń ṣe.

Ìtàn kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé bí a bá ń bi ara abúlé léèrè ohun tí ó ní. Àwọn àgbà wa sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Èèwọ̀ ni, ṣùgbọ́n ìrírí ti fi ẹsẹ̀ èèwọ̀ náà múlẹ̀. Ní 1916, àwọn ará Ìṣẹ́yìn àti Òkèihò dìde sí ètò ìṣàkóso tuntun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kà wọ́n lórí. Ní 1918, Ogun Àdùbí ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, owó orí tuntun sì wà lára ohun tí ó fà á. Ní 1968 àti 1969, Àgbẹ́kọ̀yà jà nítorí owó orí kan náà. Ilẹ̀ Ìbàràpá kò jìnnà sí Ìṣẹ́yìn, kò sì jìnnà sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí ó rí ogun wọ̀nyí ni à ń lọ bá pẹ̀lú bírò àti ìwé lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá bi wọ́n ní iye ebè, iye ewúrẹ́ àti iye ènìyàn tí ó wà nínú ilé, kí ó mọ̀ pé òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò béèrè, kí ó sì mọ ohun tí ó máa ń tẹ̀lé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ìparí oṣù Keje 1998 ni àwa dé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ikú Olóyè M. K. O. Abíọ́lá. Ọkàn ènìyàn kò balẹ̀ níbikíbi ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ rí àjèjì tí ń kọ orúkọ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a lò. Nítorí pé ìgbà iṣẹ́ oko ni, àwọn ọkùnrin tí ó lágbára kì í sí nílé ní ọ̀sán. Àwọn tí a ń bá nílé ni Baálẹ̀ àti àwọn àgbà inú agbo ilé rẹ̀. Ìwé ìbéèrè wa sọ pé olórí ilé ni kí a bi. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan, yóò ní, "Ẹ dúró de bàbá wọn," a ó sì dúró. Àwọn Fúlàní tí ó wà ní gáà lẹ́yìn abúlé kò sí nínú ìwé wa. Àwọn alágbàṣe tí ó ti ilẹ̀ mìíràn wá kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ó sì ṣeé ṣe kí àwọn wọ̀nyí gbẹ́kẹ̀ lé ohun àjùmọ̀lò ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé wọn kò ní ilẹ̀ baba níbẹ̀.

Ìgbà òjò ni. Omi kún inú agbada àti páànù ní gbogbo ìdí ilé. Kò sí ẹni tí ó ń lọ sí ojú omi, àwa náà kò sì rí ìdí tí a ó fi rìn dé ibẹ̀. A béèrè nípa rẹ̀ ní ìjókòó, a sì kọ ìdáhùn sílẹ̀.

Ìwọ̀n tún jẹ́ ìṣòro. Mo béèrè bí igbó wọn ti tóbi tó, nítorí pé ìwé wa ń béèrè iye hẹ́kítà. Àgbà kan sọ fún mi pé ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìrókò títí dé ibi tí ilẹ̀ ti ń rì mọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Òmíràn fi ebè ṣírò, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń ṣe, pé tí a bá kọ ibẹ̀ yóò gba igba lọ́nà báyìí báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan fi ojú wọ̀n ọ́n, ó sì kọ hẹ́kítà 6. Nígbà tí a béèrè bóyá igbó náà ti dínkù, wọ́n fi ọdún tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún ọ̀nà dá a mọ̀, àti ọdún tí a pa pọ́n-ùn dà sí náírà. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yóò mọ̀ pé 1972 àti 1973 ni wọ́n ń wí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi tí kò tíì dáyé nígbà náà kọ pé, "Wọn kò rántí." Ìmọ̀ wà lọ́dọ̀ wọn, àpótí tí a gbé lọ láti kó o sí ni kò gbà á.

Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí ó burú jù lọ, èmi ni mo ṣe é. Ìbéèrè kan wà nínú ìwé náà nípa ẹni tí ohun kọ̀ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀. Mo yí i padà báyìí: "Ta ni ó ni ín?" Yorùbá tí ó já gaara ni. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. A máa ń sọ pé ọba ni ó ni ilẹ̀, síbẹ̀ ọba kò lè ta ilẹ̀ ìdílé kan. A máa ń sọ pé Ìyálọ́jà ni ó ni ọjà, síbẹ̀ kò lè gbé ọjà lọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Nínú irú gbólóhùn wọ̀nyí, ẹni tí ó "ni" nǹkan ni ẹni tí baba rẹ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó, tàbí ẹni tí ń bọ ọ́, tàbí ẹni tí ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Ọlá ni, ojúṣe ni, kì í ṣe agbára láti tà. Nítorí náà, nígbà tí a béèrè ẹni tí ó ni ojú omi, gbogbo ẹnu ni ó sọ pé ti ilé Baálẹ̀ ni, nítorí pé baba ńlá Baálẹ̀ ni ọdẹ tí ó rí omi náà. Kò sí ẹni tí ó purọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: "Ojú omi: ti ìdílé Baálẹ̀." Àwọn tí ó gbé iṣẹ́ fún wa fi sínú àtẹ wọn, lábẹ́ ohun tí kì í ṣe àjùmọ̀ní.

Ní ọdún 1998 yẹn kan náà, láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹfà, ìjọba Íńdíà ṣe ìwádìí lórí irú ohun yìí káàkiri orílẹ̀-èdè wọn. Kí wọ́n tó ṣe é, N. S. Jodha ti wádìí abúlé tí ó lé ní 80 ní àwọn apá ibi tí òjò kò ti pọ̀ ní Íńdíà, ó sì ti fi hàn ní 1986 pé àwọn tálákà ni ó ń jẹ àǹfààní ohun wọ̀nyí jù lọ. Nínú ìwádìí ìjọba náà, wọ́n rí i pé ilẹ̀ àjùmọ̀ní tó nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ wọn, àti pé ìdílé 48 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìgbèríko ni ó ń kó nǹkan kan láti ibẹ̀. Ohun tí ó wú mi lórí jù ni pé ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà béèrè. Nígbà tí wọ́n ń ka ilẹ̀, ohun tí òfin gbà ni wọ́n tẹ̀lé. Nígbà tí wọ́n ń béèrè ohun tí ènìyàn ń kó, wọ́n tẹ̀lé ohun tí ènìyàn ń ṣe ní tòótọ́, ìbáà jẹ́ lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n ya àjùmọ̀ní sọ́tọ̀ kúrò lára àjùmọ̀lò. Èyí gan-an ni àwa kò ṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó ka àbọ̀ wọn, ìgbà náà ni mo sì mọ ohun tí mo ti ṣe.

Ní oṣù Kejì 2014, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jẹ́ olùkọ́ wá sí ọ́fíìsì mi. Ó kí mi dáadáa, ó sì fa ẹ̀dà ìwé kan yọ. Ojú ìwé kan nínú àbọ̀ ìwádìí wa ni. Ó sọ fún mi pé Baálẹ̀ tí a bá níbẹ̀ ti kú, àti pé díẹ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ ta ilẹ̀ tí ó yí ojú omi ká fún ẹnìkan tí ó fẹ́ dá oko ńlá. Nígbà tí abúlé yarí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà mú ìwé yìí wá sí ìpàdé. Ó ní ọ̀rọ̀ ti parí, yunifásítì ti kọ ọ́ pé tiwọn ni. "Àwọn ìyá wa ní kí n wá bi yín, ọ̀gá," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí, "pé ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Mo lọ sí abúlé náà ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú. Kí n tó dé ilé ẹnikẹ́ni, mo ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà mú mi lọ sí ojú omi. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fi ojú rí i. Àwọn obìnrin àti ọmọdé tò síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, ìkọ̀ọ̀kan ń dúró de ẹnìkejì rẹ̀. Òkúta wà ní ẹsẹ̀ omi náà tí a tò bí àtẹ̀gùn, kí ẹni tí ń pọn má baà fi ẹsẹ̀ wọ inú rẹ̀. Mo mọ ohun tí ó fa òkúta náà. Sòbìà ti da ilẹ̀ Ìbàràpá láàmú púpọ̀. Ìdèrè wà lára ibi tí àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣe iṣẹ́ lórí àrùn náà ní àwọn ọdún 1980. Inú omi tí ẹni tí sòbìà ń ṣe bá fi ẹsẹ̀ wọ̀ ni ó máa ń gbà tàn, òkúta sì wà lára ohun tí ó gba àwọn ènìyàn là. Ní 2013, àwọn elétò ìlera àgbáyé jẹ́rìí pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà. Mo dúró wo òkúta náà, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ìdílé kan ṣoṣo ni ó gbé e.

Nígbà tí a jókòó, mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, mo sì jẹ́wọ́ pé èmi ni mo kọ ìwé náà. Àwọn obìnrin jókòó lẹ́yìn, lábẹ́ igi. Ìyá arúgbó kan ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, nígbà tí ẹ wá lọ́jọ́ sí, ẹ bèèrè ẹni tí ó ni omi. Ẹ kò béèrè ẹni tí ń pọn ọ́n. Omi tí mo fi wẹ ọmọ méje ni ẹ kọ orúkọ ẹlòmíràn sí." N kò rí ohun kan fi dá a lóhùn ju pé, "Ẹ má bínú, Ìyá."

Mo wá yíjú sí àgbà tí ó ń sọ̀rọ̀ fún ìdílé Baálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹrẹ̀ bá kún ojú omi, ta ni ó ń gbá a?" Ó ní, "Gbogbo abúlé ni. Ilé kọ̀ọ̀kan a mú ènìyàn méjì wá." Mo ní, "Ta ni ó to òkúta sí i?" Ó ní, "Gbogbo wa ni." "Bí ará gáà bá wá pọn ńkọ́?" "A kì í lé e, ṣùgbọ́n màlúù rẹ̀ kò gbọdọ̀ débẹ̀." "Bí ẹnìkan bá fọ aṣọ sínú rẹ̀, ta ni ó ń gba ìtanràn?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Àwọn ìyá yìí ni. Wọn kì í fún wa níbẹ̀." Mo wá béèrè èyí tí ó kẹ́yìn: "Bàbá, ṣé ẹ lè tà á?" Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ilẹ̀ ni àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́ tà. A kò gbọ́ ọ rí pé a ta omi."

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mi mọ̀ pé àgbà yìí kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Bí mo bá bi í ní "Ta ni ó ni ín?" ní ọjọ́ náà, yóò tún sọ pé ti ilé Baálẹ̀ ni, òótọ́ ni yóò sì sọ. Ìbéèrè ni ó yí padà.

Ìjà náà kò parí bí a ti fẹ́. Ojú omi, ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀ àti àwọn igi tí ó ṣíji bò ó wà títí di òní, wọ́n sì ti fi ẹnu kò pé a kò ní tà wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ta igbó tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn kí n tó dé, ẹni tí ó rà á sì ti ro ó. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń ṣẹ́ igi gbígbẹ tẹ́lẹ̀. Nínú ìwé wa ti 1998, a kọ igbó náà mọ́ ojú omi, nítorí pé ojú kan náà ni wọ́n wà. Wọ́n ń rìn jìnnà nísinsìnyí kí wọ́n tó rí igi. Mo kọ àtúnṣe olójú-ìwé mẹ́ta, mo fi ọwọ́ sí i, mo sì fún ìhà méjèèjì ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Ìwé ti àtijọ́ ṣì wà ní ilé-ìkàwé, n kò sì lè pè é padà.

Kí ni ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú gbogbo èyí fún àwọn tí yóò lọ sí oko lẹ́yìn wa? Èkíní, kí a má ṣe béèrè ẹni tí ó ni nǹkan kí a sì dúró níbẹ̀. Kí a béèrè ẹni tí ń lò ó, ẹni tí ó lè dá ẹlòmíràn dúró, ẹni tí ń tún un ṣe, ẹni tí ń gba ìtanràn, ohun tí àlejò gbọ́dọ̀ ṣe kí ó tó lò ó, àti bóyá a lè tà á. Èkejì, kí a lọ ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí a sì tún lọ ní ìgbà òjò. Ẹ̀kẹta, kí a wá àwọn obìnrin, àwọn àtìpó àti àwọn ará gáà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kí a má ṣe dúró de olórí ilé. Ẹ̀kẹrin, kí a kọ orúkọ ipò ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, nítorí pé ohun tí Baálẹ̀ sọ kì í ṣe ohun tí abúlé sọ. Ẹ̀karùn-ún, èyí tí ó sì ṣe pàtàkì jù lójú mi, kí a ka ohun tí a kọ sí etí gbogbo abúlé kí a tó gbé e lọ. Ká ní a ka gbólóhùn kan yẹn sókè ní 1998 ni, ìyá arúgbó náà ìbá ti tún un ṣe kí a tó di ẹrù wa.

Àwọn kan yóò sọ pé èyí yóò gba àkókò àti owó. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n a kì í fi ìwé sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí a kò náwó sí lórí oko, ẹlòmíràn ni yóò san án, ó sì lè jẹ́ ẹni tí kò mọ ìwé kà. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Bẹ́ẹ̀ ni, bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà tí ó ń lọ ni ó béèrè.